Kí ló dé tí láfún kì í gbẹ lóṣù kẹjọ bí òjò ò tiẹ̀ rọ̀?

Ìyá Aláfún, Àgbádárìgì
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òjò oṣù kẹfà ti dá, síbẹ̀ láfún tí mo sá sórí tapólì látọjọ́ Ajé ò gbẹ. Bí mo bá fọ́ ọ, inú rẹ̀ ṣì tutù, dúdú-dúdú sì ti ń yọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà ọ̀yẹ́ tí òtútù ń mú wa láàárọ̀, kíá ló ń gbẹ. Níbo loòrùn lọ gan-an?

Tíṣà Kútọnu
Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Àríwá ló lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, àtàrí wa gan-an ló ń wà lọ́sàn-án. Kò ní padà síbẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Orí ilẹ̀ Nìjẹ̀ ló wà báyìí. Yanrìn Sàhárà gbóná janjan, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, ó ń gbéra lọ sókè. Atẹ́gùn òkun tiwa wá ń ya lọ dí àyè rẹ̀. Òjò bá a lọ.

Ti òkun ló dùn mọ́ mi jù láti kọ́ ọmọ. Láti oṣù keje sí ìkẹsàn-án, omi tútù ń ru jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, pàápàá létí Côte d'Ivoire àti Gánà. Omi tó gbóná tó ìwọ̀n 28 lóṣù kẹrin á wá sí bíi 25, níbòmíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. (Àwọn apẹja Gánà mọ̀ ọ́n dáadáa: ìgbà yẹn lẹja ń pọ̀, torí omi ìsàlẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ wọn wá sókè.) Atẹ́gùn tó gba orí omi yẹn kọjá á tutù, á wúwo, kò ní lè gòkè débi tí yóò fi di òjò ńlá. Ìkùukùu pẹrẹsẹ ló ń dà, tó ń bo ojú sánmà látàárọ̀ dalẹ́, tó sì ń dá ìtànṣán oòrùn padà. Ilẹ̀ ò wá gbóná, afẹ́fẹ́ ò sì gbéra.

Ní ti láfún, omi ara rẹ̀ ń wá ibi tí yóò lọ. Inú aṣálẹ̀ lọ̀yẹ́ ti ń bọ̀, ó gbẹ, ó ń gba omi bó ti wù kó tutù tó. Atẹ́gùn oṣù kẹjọ ti kún fún ọ̀rinrin, kò láyè mọ́.

Ará Òkè Ọya
Òótọ́ lẹ sọ, Tíṣà. Sókótó ni mo ń gbé, oṣù kẹjọ lòjò wa ń pọ̀ jù. Jéró àwọn aládùúgbò mi ti ga jù mí lọ.

Ìyá Aláfún, Àgbádárìgì
Ẹ ṣeun gan-an. Kí ni kí n wá ṣe? Àwọn oníbàárà mi ò ní dúró de ọ̀yẹ́.

Tíṣà Kútọnu
Ẹ fún un dáadáa kẹ́ ẹ tó sá a. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ sórí pẹpẹ oparun kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ máa kó o wọlé lálẹ́, torí ọ̀rinrin òru ń padà wọ inú rẹ̀. Èyí tó ti yọ dúdú, Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́ ti títà.