Bráídà ṣáwà ẹ̀gbọ́n mi: aṣọ ayé àwọn màmá wa, báńdì gidi. Ẹ gbà mí o

Àbúrò Ìyàwó
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ sílé ọkọ lóṣù tó ń bọ̀, èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò bráídà ṣáwà ẹ̀, pálọ̀ wa ní Lafiaji la ti fẹ́ ṣe é, àwa obìnrin bí ogún. Ìyàwó lóun ò fẹ́ díjéè, òun ò fẹ́ bàlúùnù pínkì, ayé àtijọ́ lòun fẹ́, kí báńdì máa lù ká máa jó. Mo ní kò burú. Ìgbà tí mo wá bi àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé kí ni wọ́n fẹ́ wọ̀, ẹnìkan ní góònù bíi ti àwọn òyìnbó 1920, ẹnìkan ní ṣòkòtò bóńgò ẹlẹ́sẹ̀ gbàǹgbà àti bàtà gáráńtì gíga yẹn, ẹnìkan ní iyùn bíi ti ìyá-ìyá ẹ̀. Orí mi ti dàrú. Báńdì gan-an ńkọ́, èèyàn mélòó ni kí n pè?

Ìyá Ìbejì Súrùlérè
Ìgbà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú, 1970 sí 1979, torí kò sílé tí fọ́tò ìgbà yẹn ò sí. Ní kí màmá yín gbé álúbọ́ọ̀mù jáde. Nínú tiwa, màmá mi gbọ́wọ́ lé àga, ìró ólékù ò kọjá orúnkún, apá bùbá fẹ̀ gbàǹgbà, kò sì wé gèlè kí irun ẹ̀ lè hàn. Òwú dúdú ni wọ́n fi kó o, ó tẹ̀ bí afárá, Èkó Bridge ni wọ́n ń pè é, afárá tí wọ́n parí ní 1975 yẹn náà ni. Ẹ tètè wá onírun tó mọ irun kó o, atáṣímẹ́ǹtì nìkan lọ̀pọ̀ àwọn tìsinsìnyí mọ̀.

Ọmọ Onílù
Ẹ̀yin àǹtí, èmi ń lùlù, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Márùn-ún tó fún pálọ̀: gìtá, béèsì, kọ́ńgà, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnìkan nínú wọn á máa kọrin. Ẹ má gbé fèrè wọlé, etí yín á di. Ẹ má kàn bi wọ́n pé ṣé ẹ mọ orin àtijọ́, ta ló máa ní òun ò mọ̀ ọ́n? Ẹ lọ jókòó tì wọ́n níbi tí wọ́n ti ń dánra wò, torí ọ̀pọ̀ wọn, tó bá ti dorin kẹta, oríkì olówó ni wọ́n á máa kì, gìtá á wá máa sá tẹ̀lé wọn. Owó táwọn èèyàn ń ná fún wọn lágbo ló fà á, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Ẹ̀yin ẹ má fọ́n náírà lé wọn lórí o, òfin CBN, báńkì àpapọ̀ wa, ti 2007 kà á léèwọ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ₦50,000 ó kéré tán, nígbà míì méjèèjì. Ẹ bá wọn dúnàá-dúrà gbogbo owó wọn tán kí wọ́n tó wá.
Ẹ ní kí wọ́n ṣeré bíi ti Tunde Nightingale, olórin jùjú àtijọ́ yẹn. Ṣó wà ḿbẹ̀ ni wọ́n ń pe sítáì ẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí obìnrin ni wọ́n ló ń bèèrè 😂 èwo ló tún bá alẹ́ ìyàwó mu jùyẹn lọ?

Sísì Ìdúmọ̀tà
Bóńgò ò burú, bàtà gáráńtì ni mò ń bẹ̀rù. A wọ̀ ọ́ síbi ti ọ̀rẹ́ mi, táìlì ń dán, ìyàwó yí ìdí báyìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, alága ìjókòó ń pè é wọlé níbi ìdána, ó ń tiro bọ̀, àwọn ìyá ọkọ ń wojú ara wọn. Ẹ ṣe ṣáwà yẹn lọ́sẹ̀ kan ṣáájú ìgbéyàwó jàre, kí ìyàwó sì wọ bàtà pẹlẹbẹ. Ẹ lọ kí àwọn ará ilé kejì náà, ilé Lafiaji fara kanra.

Àbúrò Ìyàwó
Ẹ ṣé gan-an ni. Ólékù la mú, báńdì ẹlẹ́ni márùn-ún. Mo ti kọ "Ṣó wà ḿbẹ̀?" sórí ìwé ìpè, mo fi han màmá mi, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní "ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?", wọ́n wá bèèrè aago mélòó la máa bẹ̀rẹ̀.