Ìbéèrè: Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi páráṣúùtì bẹ́ látinú bàálù, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Adó
Èkìtì kete o! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ́ látinú bàálù. Kì í ṣe kí n bẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan kí n ya fọ́tò, ìwé àṣẹ ni mo fẹ́ gbà. Ọmọ ọdún 31 ni mí, kílò 82 ni mo wọ̀n. Mo lè gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní oṣù Kejìlá. Ṣé kí n kọ́kọ́ bẹ́ pẹ̀lú olùkọ́ tí wọ́n so mọ́ mi, àbí kí n wọ inú ẹ̀kọ́ tààrà? Orílẹ̀-èdè wo ló dáa fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀? Kí ni mo lè máa fi múra sílẹ̀ nílé? Ẹnì kan ní kí n ra páráṣúùtì àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n lọ fi òkè Olósùnta dánra wò.

Ará Ìkẹ́rẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e dé Olósùnta rárá. Eré tí èèyàn ń bá já bọ̀ ló ń jẹ́ kí páráṣúùtì bàálù ṣí, ó sì lè jẹ 600 sí 1,000 fíìtì kó tó ṣí tán. Kó tó tú jáde nínú àpò, ẹ ti bá àpáta. Èyí tí àwọn kan fi ń sáré kúrò lórí òkè, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe é: ilẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ́ ẹ, atẹ́gùn á ti kún inú rẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn tó kúrò nílẹ̀, ó sì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ti àlòkù yẹn ńkọ́? Páráṣúùtì tí ẹ kò mọ ẹni tó dì í, tí ẹ kò mọ ọjọ́ tí wọ́n dì í, ẹ má fi ẹ̀mí yín sí i.

Ẹ̀gbọ́n Ìjerò
Àbúrò, bẹ́ kan pẹ̀lú olùkọ́ ná. Tandem ni wọ́n ń pè é. Bàálù á gbé yín dé 10,000 sí 14,000 fíìtì, ẹ ó já bọ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 60, lẹ́yìn náà páráṣúùtì á gbé yín rọra sọ̀kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Sọ fún olùkọ́ náà pé ẹ̀kọ́ lo bá wá, kí ó jẹ́ kí o máa ka altimeter, ẹ̀rọ tó ń sọ bí ẹ ṣe ga tó sí ilẹ̀, kí ẹ sì jọ di okùn ìdarí mú. Ibẹ̀ lo ti máa mọ bí ọkàn rẹ ṣe ń ṣe nígbà tí ilẹ̀kùn bàálù bá ṣí, kí o tó san owó ńlá.

AFF (Accelerated Freefall) ló kàn, ẹ̀kọ́ tí wàá fi máa já bọ̀ fúnra rẹ, tí olùkọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ọjọ́ kan gbáko ni ẹ̀kọ́ orí ilẹ̀, wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Lẹ́yìn rẹ̀, páráṣúùtì tìrẹ lo máa gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ní ìpele mẹ́ta àkọ́kọ́, olùkọ́ méjì á dì ọ́ mú lọ́tùn-ún lósì. Láti ìpele kẹrin, ó di ẹyọ kan. Ìpele méje tàbí mẹ́jọ ni lápapọ̀. Lábẹ́ ètò USPA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń bẹ́ látinú bàálù ní Amẹ́ríkà, o gbọ́dọ̀ bẹ́ nígbà 25 kí o tó gba ìwé àṣẹ A, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́. Lábẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán nígbà 18. Ìpele tí o bá kùnà, wàá tún un ṣe, wàá sì tún owó rẹ̀ san. Nítorí náà mú owó díẹ̀ kún èyí tí o ṣírò.

Ìdúró ara ló ń mú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kùnà. Ti ìbàdí síwájú, gbé àgbọ̀n sókè, tú apá ká, ká orúnkún díẹ̀. Wo igbá tí wọ́n gbé lé omi: ìdí rẹ̀ ló ń wà nísàlẹ̀, kì í sì í dojú dé. Bí ara rẹ ṣe gbọ́dọ̀ rí lójú afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ẹni tí ẹ̀rù bá mú kó le bí igi á máa yí bírí-bírí. Fi èyí ṣiṣẹ́ ilé: dojú bolẹ̀ lórí ẹní, gbé àyà àti itan kúrò nílẹ̀, kí o sì kà dé 30, lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárọ̀, lẹ́ẹ̀márùn-ún lálẹ́.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀tùn
Ẹ ti mọ jẹnotáìpù yín? Bàálù yìí kì í ṣe irú èyí tí à ń wọ̀ láti Èkó lọ sí Àbújá, atẹ́gùn inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìta. Ní 13,000 fíìtì, ọ́síjìn tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ ti dín kù gan-an. Ẹni SS kó má dán an wò. Ẹni AS kó kọ́kọ́ rí dókítà. Èjìká tó ti yẹ̀ rí náà léwu, nítorí afẹ́fẹ́ lè fa apá tí ẹ nà sẹ́yìn kó tún yẹ̀, ọwọ́ yẹn kò sì ní lè fa ohunkóhun mọ́. Bí kátà bá sì ń yọ yín lẹ́nu lọ́jọ́ náà, ẹ sún un síwájú. Etí á dùn yín púpọ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀.

Ọmọ Adó
Ẹ ṣeun, mà. AA ni mí, èjìká mi kò sì yẹ̀ rí. Ohun tó ń já mi láyà ni pé, bí páráṣúùtì bá kọ̀ tí kò ṣí ńkọ́?

Bọ̀dá Emùré
Méjì ló wà nínú àpò ẹ̀yìn: èyí tí wàá lò, àti reserve, ìyẹn èyí tó wà ní ìpamọ́ bí àkọ́kọ́ bá kọ̀. Reserve yìí, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí nìkan ló ń dì í. Ní Amẹ́ríkà, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 180 lọ kí wọ́n tó tún un dì. Ní kí wọ́n fi káàdì rẹ̀ hàn ọ́.

Ní nǹkan bí 5,500 fíìtì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣí páráṣúùtì àkọ́kọ́ rẹ̀. Tó bá ti ṣí, gbójú sókè kí o bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé ó tẹ́ pẹrẹsẹ? Ṣé ó dúró jẹ́ẹ́? Ṣé ó gbọ́ ìdarí? Bí okùn bá lọ́ mọ́ra nìkan, fi ọwọ́ ya okùn ńlá tó wà lókè èjìká rẹ sọ́tùn-ún sósì, kí o sì fi ẹsẹ̀ ta títí á fi tú. Tí kò bá tíì dáa ní 2,500 fíìtì, má jiyàn pẹ̀lú ara rẹ mọ́. Lórí ọ̀pọ̀ páráṣúùtì akẹ́kọ̀ọ́, ọwọ́ pupa tó wà lápá ọ̀tún àyà ló ń já èyí tó bà jẹ́ dànù, ti òsì ló ń ṣí reserve. Wo pupa, dì í mú, fà á tán. Wo ti òsì, fà á tán. Máa fi ọwọ́ ṣe é nílé lójoojúmọ́ bí ẹni ń kọ́ ijó. Ìdí tí 2,500 fi ṣe pàtàkì rèé: ẹni tó ń já bọ̀ ń jẹ 1,000 fíìtì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà tàbí kó dín díẹ̀, ìyẹn ni pé kò tó ìṣẹ́jú-àáyá 15 sílẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà, AAD, tó ń ṣí reserve fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí 750 fíìtì bí o bá dákú. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá ní i lára páráṣúùtì gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n páráṣúùtì tó ṣí dáadáa ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kán ẹsẹ̀. Ibi ìbalẹ̀ ni kí o kó ọkàn lé. Ní 1,000 fíìtì, jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn rẹ. Ní 600, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní 300, kọjú sí afẹ́fẹ́, kí o má sì yà mọ́. Bí o bá yà nígbà tí ilẹ̀ ti sún mọ́, páráṣúùtì á rì wọlẹ̀ pẹ̀lú eré, èyí ló sì ń pa èèyàn. Kàkà kí o yà lọ́wọ́ ìsàlẹ̀, balẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Ní bíi fíìtì 10 sí 12, fa okùn ìdarí méjèèjì wálẹ̀ pa pọ̀. Bí o bá rí i pé o fà á yá jù, má jọ̀wọ́ ẹ̀. Dì í mú níbi tó dé, pa ẹsẹ̀ àti orúnkún pọ̀, kí o sì yí gbéréré sí ẹ̀gbẹ́.

Ìwọ̀n rẹ ńkọ́? Kílò 82, fi ẹrù bíi kílò 13 kún un, ó di 95, nǹkan bíi pọ́n-ùn 210. Páráṣúùtì rẹ kò gbọdọ̀ kéré sí 210 níwọ̀n fíìtì lóròó níbùú. 240 tàbí 260 ni kí o béèrè. Èyí tó tóbi máa ń rọra balẹ̀.

Ọmọ Ìkọ̀lé
Ní ti orílẹ̀-èdè, ẹ ṣọ́ra fún Cape Town ní oṣù Kejìlá. Afẹ́fẹ́ gúúsù-ìlà-oòrùn wọn máa ń le nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin USPA kò gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè bí afẹ́fẹ́ bá ju máìlì 14 ní wákàtí kan. Ẹ lè jókòó lásán fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Agbègbè Johannesburg ga tó mítà 1,700, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, páráṣúùtì ń yára balẹ̀ ju ti etíkun lọ. Diani ní etíkun Kẹ́ńyà ni èmi á mú: ilẹ̀ wọn kò ga, òjò ńlá wọn sì di oṣù Kẹrin àti Karùn-ún. Òdo ni kí ẹ tún altimeter ṣe sí lórí ilẹ̀ tí ẹ ti máa balẹ̀. Adó fúnra rẹ̀ ga ju mítà 400 lọ sí òkun, nítorí náà nọ́ńbà tí fóònù yín ń sọ fún yín nílé kò wúlò níbẹ̀.

Àbúrò Ìdó
Èmi náà ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí. Irun dídì mi gùn dé ìdí. Ṣé wọ́n á ní kí n tú u?

Ẹ̀gbọ́n Ìjerò
Rárá, àbúrò mi. Kó o jọ, dì í, kó sì wọ abẹ́ àṣíborí tàbí inú aṣọ títí kò fi ní sí ẹyọ kan níta, nítorí ó lè há mọ́ ibi tí páráṣúùtì ti ń jáde. Bọ́ yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn. Bàtà onílẹ́ẹ̀sì pẹrẹsẹ ni kí ẹ̀yin méjèèjì wọ̀, kó má ní ìkọ́ irin tí okùn lè há sí. Ẹ má lọ pẹ̀lú ikùn òfìfo, òòyì á kọ́ yín. Ẹ má sì jẹ iyán láàárọ̀ ọjọ́ náà. Búrẹ́dì àti ògẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, bíi wákàtí méjì kí ẹ tó wọ bàálù.