Corolla 2005, Èkó sí Ìlọrin: epo ti wọ́n, ọkọ̀ tún ń mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ

OníCorolla05

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọ̀nà o. Corolla 2005 ni, ẹ́ńjìnì 1.8 (1ZZ), jíà ọ́tò. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló ń lọ Ìlọrin láti Èkó, tó sì ń padà. Àlọ nìkan tó nǹkan bíi 300 kìlómítà. Lítà 25 ló máa ń mu ní àlọ tẹ́lẹ̀, ó ti di 34 báyìí. Nígbà tí epo ṣì wà ní nǹkan bíi 190 náírà, ta ló ń ka ìyẹn? Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, lítà mẹ́sàn-án ti kúrò lóhun tí èèyàn ń gbójú fò.

Mẹkáníìkì kan ní ká pààrọ̀ brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì). Òmíràn ní plọ́ọ̀gì àti air filter ni. Ẹnì kẹta ní ká kúkú yí i sí CNG (gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú sílíńdà, tí ọkọ̀ ń lò dípò bẹntiróòlù). Iná check engine kò tàn. Èèyàn mẹ́rin ló ń wọ̀ ọ́, ẹrù díẹ̀ a sì máa wà lórí òrùlé. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ tí owó ò fi ní ṣòfò?

Ríwáyà Ìbàdàn

Ẹ má tíì ra nǹkan kan, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá lítà 34 yẹn pé lítà 34. Mítà ilé epo lè ka 34 kó jẹ́ pé 30 ló wọ táǹkì, ọkọ̀ á wá máa jẹ̀bi ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Bẹ́ ẹ ó ṣe wọ̀n ọ́n rèé. Ẹ kún táǹkì níbi tẹ́ ẹ fọkàn tán, títí ẹnu pọ́ǹpù á fi já fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ilé epo máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lé e lórí, torí ohun tó máa fi kún un lónìí kọ́ ló máa fi kún un lọ́la, ìṣirò á sì dàrú. Ẹ dá trip (òǹkà ìrìn-àjò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù) padà sí òdo. Ẹ wa ọkọ̀ tó 200 kìlómítà ó kéré tán, ẹ padà sí pọ́ǹpù kan náà, ẹ tún kún un títí á fi já. Ẹ wá fi iye lítà pín kìlómítà. 300 tẹ́ ẹ bá fi 34 pín, 8.8 ni. Corolla yẹn tára rẹ̀ bá dá, 12 sí 13 kìlómítà lórí lítà kan ló yẹ kó máa ṣe lọ́nà jíjìn.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ wò ó dáadáa: máìlì ni trip ń kà, kì í ṣe kìlómítà. Ẹ fi 1.6 sọ ọ́ di púpọ̀ kẹ́ ẹ tó pín in. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń pariwo pé ọkọ̀ àwọn ń mu epo, ibí yìí ni wọ́n ti ṣì í.

Nílé epo, ẹ rí òdo lójú mítà kí wọ́n tó fa ẹnu pọ́ǹpù, kẹ́ ẹ sì máa pe iye lítà, ẹ má pe iye owó. Táǹkì Corolla yín, lítà 50 ni. Tí iná epo ò bá tíì tàn tí wọ́n sì ní 52 wọ̀ ọ́, ẹ ti mọ irú ilé epo tẹ́ ẹ wà. Ẹ má fi kẹ́ẹ̀gì lítà 25 dán an wò o. Tó bá kún dé ẹnu, ó máa ń gbà ju 25 lọ, ẹ máa bá aláìṣẹ̀ jà.

Bàbá Radiétọ̀

Òótọ́ ni ríwáyà sọ. Tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n tó ṣì jẹ́ 8 tàbí 9, tẹmọ́sítáàtì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dí omi radiétọ̀ títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná. Ẹ gbàgbé brain box. Ọkọ̀ tí wọ́n ti fa tẹmọ́sítáàtì rẹ̀ jù nù pọ̀ nílẹ̀ yìí. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ní oòrùn ilẹ̀ wa ti tó, kò sí ohun tá a fẹ́ fi ṣe. Ooru yẹn lọ lóòótọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni omi ti ń sáré yí ẹ́ńjìnì ká láìdúró, tí ẹ́ńjìnì kì í sì í gbóná tó bó ṣe yẹ lójú ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, pé ẹ́ńjìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á wá máa da epo kún un láti Ìbàfò títí dé Ìlọrin.

Àyẹ̀wò rẹ̀ ò le. Ẹ ra ẹ̀rọ OBD2 kékeré tó ń lo Bluetooth, èyí tó ń ka ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ẹ kì í bọ ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, ẹ ṣí i lórí fóònù. Ẹ wo coolant temperature (ìwọ̀n ooru omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára) nígbà tẹ́ ẹ bá ń sáré 90 kìlómítà ní wákàtí. Ó yẹ kó wà láàárín 82 sí 95 digírì Celsius. Tó bá ń já sí 65 tàbí 70 bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí radiétọ̀, kò sí tẹmọ́sítáàtì níbẹ̀, tàbí ó ti ṣí gbagada tí kò lè padé mọ́.

Ẹni tí kò ní OBD2, kó fọwọ́ kan họ́ọ̀sì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣì í: họ́ọ̀sì òkè ni wọ́n ń dì mú. Lára 1ZZ, ọ̀nà tí omi ń gbà padà wọ ẹ́ńjìnì ni tẹmọ́sítáàtì jókòó sí, nítorí náà họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ ló máa sọ òótọ́. Ẹ jí ọkọ̀ láàárọ̀ tó tutù. Họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí tòkè ti ń gbóná. Tí méjèèjì bá jọ ń gbóná pọ̀, wọ́n ti yọ ọ́ nìyẹn. Ẹ ṣọ́ fáànù o, ó lè yí nígbàkígbà.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó dá a padà, ẹ wá ohun tó jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó lè jẹ́ radiétọ̀ tó ti dí nítorí omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń bù sí i, ó lè jẹ́ fáànù kan tó ti kú, ó sì lè jẹ́ ìdérí radiétọ̀ tí kò di atẹ́gùn mú mọ́. Tẹ́ ẹ bá fi tẹmọ́sítáàtì sí i láìtún ìyẹn ṣe, ẹ ó tún gbọ́ pé tẹmọ́sítáàtì ni kò dáa.

Ẹ ní check engine kò tàn. Ṣé gílóòbù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀? Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìjí ọkọ̀: iná yẹn gbọ́dọ̀ tàn. Tí kò bá tàn, ẹnìkan ti yọ gílóòbù kó lè tà á fún yín. Kóòdù tó ń sọ pé ẹ́ńjìnì kì í gbóná tó ni P0128. Ó lè ti wà nínú kọ̀ǹpútà láti ọdún mẹ́ta.

Air filter tí wọ́n ń dárúkọ yẹn, agbára ọkọ̀ ló máa ń dín kù, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ epo lára ọkọ̀ tó ń lo injector. Plọ́ọ̀gì mẹ́rin, ẹ wo àlàfo wọn, 1.1 mílímítà ló yẹ. Sẹ́ńsọ̀ MAF (èyí tó ń wọn atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnì), sukúrúù méjì ló dè é mọ́ ìdí àpótí air filter. Ohun ìfọ̀ tí wọ́n ń fọ́n (spray) tí wọ́n ṣe fún MAF gan-an ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fọwọ́ tàbí búrọ́ọ̀ṣì kan okùn tín-ín-rín inú rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ á ra tuntun.

Bíréèkì ńkọ́? Lẹ́yìn ogún kìlómítà tẹ́ ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréèkì, ẹ dúró, ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá ń ta yín lọ́wọ́ nígbà tí mẹ́ta yòókù ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíréèkì rẹ̀ ò jáwọ́ lára dísìkì. Lọ́pọ̀ ìgbà, páìnì caliper (irin tí ohun tó ń di dísìkì mú ń yọ̀ lórí rẹ̀) ló ti gbẹ: ẹ fà á yọ, ẹ nù ún, ẹ fi gírísì bíréèkì pa á.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Radiétọ̀ ti ṣe iṣẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká wá bojú wo ọwọ́ awakọ̀.

Lára ọ̀pá jíà Corolla yẹn, bọ́tìnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí àtàǹpàkò lè tẹ̀. Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù: ṣé O/D OFF tàn? Tó bá tàn, jíà kẹta ni ọkọ̀ ń lò lọ sí Ìlọrin, kò ní wọ ìkẹrin láéláé. Ẹ́ńjìnì á máa ké, rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) á sì fi nǹkan bíi 1,000 ju bó ṣe yẹ lọ. Èèyàn lè ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń ti jíà, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí iná yẹn kú. Òkè gíga pẹ̀lú ẹrù nìkan lẹ lè torí ẹ̀ pa O/D.

Eré sísá ló kàn. Atẹ́gùn tó ń dojú kọ ọkọ̀ kì í pọ̀ sí i ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: láti 90 sí 120, agbára tó fi ń ti ọkọ̀ padà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. 300 kìlómítà ní 90, wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú. Ní 120, wákàtí méjì ààbọ̀. Àádọ́ta ìṣẹ́jú yẹn lẹ ń fowó epo rà, tírélà tó sì wà níwájú yín láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ á gbà á lọ́wọ́ yín padà. 100 ni òfin gbà fún ọkọ̀ aládàáni lójú ọ̀nà márosẹ̀. 85 sí 95 tu epo lára ju 120 lọ.

Ẹrù orí òrùlé, ẹ kó o wọ bọ́ọ̀tù. Ẹrù inú bọ́ọ̀tù wúwo lásán ni, tòrùlé ń bá atẹ́gùn jà ní gbogbo ọ̀nà. Irin òrùlé náà, ẹ tú u tẹ́ ẹ ò bá lò ó. Tí eré bá ti kọjá 80, ẹ pa fèrèsé dé kẹ́ ẹ tan éèsì. Nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, ẹ lè ṣí i.

Táyà: ẹ ka ìwé tó lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, kẹ́ ẹ fa atẹ́gùn láàárọ̀ kí táyà tó gbóná. Mítà fọkanáísà míì ti rí ogun rí. Ẹ ra tiyín, kò wọ́n.

Ibi tẹ́ ẹ ti ń ra epo náà ṣe pàtàkì. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń jìnnà sí Èkó ni owó rẹ̀ sábà máa ń gorí sí i, torí owó tí tánkà fi ń gbé e ń pọ̀ sí i. Ẹ kún un l'Ékòó. Tí ọkọ̀ bá ti ń ṣe 12, lítà 50 á gbé yín dé Ìlọrin, á sì gbé yín padà dé Ìbàdàn pẹ̀lú nǹkan bíi lítà 12 nínú táǹkì. Ìbàdàn ni kẹ́ ẹ ti ra 15 sí i. Ẹ má dúró di ìgbà tí iná epo bá tàn: inú epo ni pọ́ǹpù táǹkì ń rì sí, epo yẹn ló ń tù ú lára. Tí epo bá ń kù díẹ̀ ní gbogbo ìgbà, pọ́ǹpù á jóná, owó rẹ̀ á sì ju èyí tẹ́ ẹ ń ṣọ́ lọ. Ẹ má sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo sínú bọ́ọ̀tù, ẹ jọ̀ọ́.

Tẹ́ńté

Kí ló dé tẹ́ ẹ ń da ara yín láàmú? Gáàsì ìdáná ni kẹ́ ẹ fi sí i. Àwọn kan lè so sílíńdà ilé ìdáná mọ́ ọn, owó kékeré ni.

Onígáàsì Ọ̀tà

Tẹ́ńté, ẹ má pa èèyàn. Gáàsì ìdáná kì í sábà ju 10 bar (ìwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń ti ara sílíńdà) lọ nínú sílíńdà rẹ̀. CNG tó wà nínú ọkọ̀, 200 bar ni. Sílíńdà tó bú gbàù ní Benin City ní oṣù kẹwàá 2024, àwọn tó ń bójú tó ètò CNG ìjọba sọ pé alurinmọ́rin ló jó o pọ̀, wọn ò ṣe é fún CNG. Ẹ wo ara sílíńdà yín: wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ ọdún tí wọ́n ṣe é àti iye bar tó lè gbà sára rẹ̀. Tí ẹ bá rí ojú ibi tí wọ́n ti jó irin lára rẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ní ti OníCorolla05, CNG dáa, ṣùgbọ́n ìṣirò ni. Wọ́n ń tà á ní SCM (ìwọ̀n gáàsì tó kún àpótí mítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga), ọ̀kan sì tó nǹkan bíi lítà epo kan àti díẹ̀. Sílíńdà lítà 65 máa ń gbà bíi 12 sí 15 SCM, ìyẹn á gbé Corolla yín ní nǹkan bíi 150 sí 190 kìlómítà. Kò ní dé Ìlọrin ní ẹ̀kún kan, ẹ ó tún rà á lọ́nà tàbí kẹ́ ẹ yí i sí bẹntiróòlù. Ìlàjì bọ́ọ̀tù yín sì lọ, irin tó wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ ló máa wà níbẹ̀.

Kìlómítà 1,200 lẹ ń rìn lóṣù ní ọ̀nà yìí. Ká ní CNG ń fi 45 náírà pamọ́ fún yín lórí kìlómítà kan, 54,000 náírà nìyẹn lóṣù. Tí ìyípadà náà bá jẹ́ mílíọ̀nù kan lé igba ẹgbẹ̀rún náírà, oṣù 22 kó tó pé yín. Ẹni tó ń gbé èrò lójoojúmọ́, ti tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹ tún ọkọ̀ ṣe ná. Ẹ́ńjìnì tí tẹmọ́sítáàtì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ kò ní yára yí sí gáàsì pàápàá, torí bẹntiróòlù ló fi ń jí, ó sì ń dúró kí omi gbóná kó tó yí.

OníCorolla05

Mo dúpẹ́ púpọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Tó bá jẹ́ tẹmọ́sítáàtì, báwo lèèyàn ṣe ń dá ayédèrú mọ̀ kí wọ́n tó dè é? Ẹ̀gbẹ́ ibo ló sì ń dojú kọ?

Bàbá Radiétọ̀

Ẹ sè é. Ẹ gbé ìkòkò omi kaná, ẹ fi okùn so tẹmọ́sítáàtì kọ́ sínú omi kó má fara kan ìdí ìkòkò, kẹ́ ẹ fi ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru sí i. Láàárín 80 sí 84 ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Tó bá fi máa tó 95, ó gbọ́dọ̀ ti ṣí tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ gbé e kúrò nínú omi: ó gbọ́dọ̀ padé pátápátá. Èyí tó bá ṣí ní 70, tàbí tí kò padé tán, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ ló wà. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí irin tín-ín-rín ń mì nínú rẹ̀: òkè ni ìyẹn gbọ́dọ̀ dojú kọ, kí atẹ́gùn lè ríbi jáde. Ẹ fi rọ́bà tuntun sí i. Omi tó máa wọ inú rẹ̀ tó lítà mẹ́fà ààbọ̀, ìdajì coolant, ìdajì omi tí kò ní iyọ̀ nínú. Ẹ ṣí ìdérí radiétọ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́ kí heater náà wà ní títàn, títí omi ò fi ní hó pùtù mọ́, kẹ́ ẹ tó dé e.