Písítìnì àti sílíńdà: ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ojú yín ti rí

Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Iléyá pé nígbà tí wọ́n ti ọ̀kadà Suzuki A100 kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó ni ín ń fi í kó gààrí àti ẹ̀fọ́ láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí ọjà Òkè-Àjẹ́, ó sì mọ̀ pé bí ọdún bá kọjá tí Ojúde Ọba sì parí, owó ńlá ọ̀sẹ̀ náà ti lọ nìyẹn. Bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ tẹ kíìkì rẹ̀ ló ń rọ̀ lọ sílẹ̀, kò sí ohun kankan tó dá ẹsẹ̀ mi dúró. Nígbà tí mo tú orí ẹ́ńjìnì náà, ògiri sílíńdà, ihò tí písítìnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, ti jẹ débi pé èékánná mi ń kọ́ sí etí ibi tí ríǹgì òkè, òrùka irin tó yí písítìnì ká, máa ń dé kó tó yí padà sísàlẹ̀.

Ìbú sílíńdà A100 jẹ́ 50 mìlímítà, 50 náà sì ni písítìnì rẹ̀ ń rìn lókè sódò. Irin ni ògiri inú rẹ̀, nítorí náà a lè bóòrì í, ìyẹn ni pé ká fi ẹ̀rọ gé inú rẹ̀ fẹ̀ sí i, kí a sì fi písítìnì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i. Mo ra písítìnì 0.50, èyí tó wà fún sílíńdà tí a bá fi ìdajì mìlímítà fẹ̀, mo sì rán ọmọ iṣẹ́ mi lọ bá ẹni tó ń bóòrì. Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyí: sílíńdà nìkan ni mo gbé lé e lọ́wọ́, písítìnì ṣì wà nínú páálí lórí tábìlì mi. Mo ní kí wọ́n bóòrì í sí 50.50, ohun tí wọ́n sì ṣe gan-an nìyẹn. Kò sí ẹ̀bi lọ́dọ̀ ẹni tó bóòrì.

Ó yẹ kí písítìnì tí wọ́n kọ 0.50 sí lórí kéré díẹ̀ sí 50.50, kí àlàfo tí ọ́ìlì máa wà lè ṣẹ́kù láàárín òun àti ògiri. N kò wọn tèmi. Mo tì í wọ inú sílíńdà pẹ̀lú ìka, ó wọlé, mo sì gbà pé wọ́n bára mu. Ọkùnrin náà gbé ọ̀kadà rẹ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ẹrù. Nítòsí Òrù ni ẹ́ńjìnì ti dì pa lójijì, tí táyà ẹ̀yìn sì ń wọ́ nílẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó tètè fa kílọ́ọ̀ṣì, kò ṣubú. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní, nítorí kì í ṣe irin nìkan ni mo fi sínú ewu.

Nígbà tí mo yọ písítìnì náà, ojú ibi mẹ́rin ló ti ha: méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí píìnì, irin tó so písítìnì mọ́ ọ̀pá rẹ̀, gbà kọjá, gbogbo rẹ̀ gùn wálẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fi ìyarun ya ìlà sára ẹrẹ̀ tútù. Bó bá jẹ́ pé ọ́ìlì ló kéré nínú epo ni, tàbí pé atẹ́gùn ń wọlé níbi tí kò yẹ, ìhà tí èéfín ń gbà jáde ló sábà máa ń kọ́kọ́ jó. Ṣùgbọ́n bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ha báyìí, àlàfo ni kò tó. Alumíníọ̀mù ni písítìnì, bí iná bá sì dé ara rẹ̀, ó máa ń wú tó bí ìlọ́po méjì irin. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí sílíńdà lóde, písítìnì kò sì ní atẹ́gùn kankan. Mo wá wọ̀n ọ́n: 50.49 ni. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà péré ni mo fi sílẹ̀ fún un, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 0.04 ló ń fẹ́.

Owó ara mi ni mo fi ra písítìnì kejì, èmi fúnra mi sì ni mo gbé òun àti sílíńdà lọ pọ̀. Nítòsí ìsàlẹ̀ písítìnì, ní ìhà tó dábùú píìnì, la ti fi maikirómítà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ohun tó kéré gan-an, wọ̀n ọ́n, nítorí òkè rẹ̀ kéré ju ìsàlẹ̀ lọ. Ohun tí a rí níbẹ̀ la fi 0.04 kún, ìyẹn la sì bóòrì sílíńdà sí. A wọn sílíńdà náà lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, ní ìhà méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni mo fi fáìlì kékeré pa ẹnu àwọn ihò inú rẹ̀ tí epo ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde, torí pé bóòrì máa ń jẹ́ kí etí wọn mú bí abẹ, ríǹgì á sì kọ́ síbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá ni mo tó gbé ọ̀kadà náà fún un.

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀rọ ìgégi ni èmi ń tún ṣe, a kì í sì í bóòrì tiwa, nítorí alumíníọ̀mù ni sílíńdà rẹ̀, ìbòrí líle fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bíi kúrómù ló sì wà nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá gé ìbòrí yẹn kúrò, sílíńdà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àwọn agégi gbé ẹ̀rọ méjì wá fún mi lọ́jọ́ kan náà, irú kan náà ni méjèèjì. Ọmọ iṣẹ́ mi kó gbogbo ẹ̀yà wọn sínú abọ́ kan, ó fi bẹntiróòlù fọ̀ wọ́n, mo sì tò wọ́n padà. Ọ̀kan kò lágbára mọ́, ó kàn ń pariwo gbálagbàla. Èkejì dì kó tó gé ìtì igi kan tán. Nígbà tí mo fi igi ha èédú kúrò lórí písítìnì èyí tó dì, mo rí lẹ́tà B níbẹ̀. A ló wà lára sílíńdà. Nínú irú ẹ̀rọ yẹn, B fi díẹ̀ tóbi ju A lọ, ojú lásán kò sì lè rí i. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti yọ písítìnì, wáyà ni mo fi ń so ó mọ́ sílíńdà rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé abọ́ wá.

Láti Ṣàgámù

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ìwọ̀n tèmi pé, àlàfo rẹ̀ dára, jẹnẹrétọ̀ kékeré ni. Ẹ̀yìn ni mo kọ ọfà orí písítìnì sí dípò ìhà tí èéfín ń gbà jáde. Nítorí náà, ẹnu ríǹgì, ibi tí orí rẹ̀ méjèèjì ti pàdé, bọ́ sí ojú ihò. Kò lò ju wákàtí kan lọ. Mo bá apá kan ríǹgì náà nínú ihò èéfín, ìyókù sì ti họ ògiri sílíńdà tuntun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.