Ọjọ́ márùn-ún ní Salvador, Bàhíà, nínú oṣù Keje: báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń dé terreiro?

AkẹkọCampinas:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ São Paulo ni mo wà, ìsinmi sì ti dé tán. Mo fẹ́ lọ sí Salvador láti ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje. Màá wo Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ìlú náà, màá sì jẹ acarajé, àkàrà wọn, àmọ́ ohun tó jẹ mí lógún jù ni kí n bá àwọn ará ibẹ̀ jókòó, pàápàá àwọn ẹlẹ́sìn candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Brazil. Ṣé èèyàn lè kàn yà sí terreiro, ilé òrìṣà wọn, báyìí? Kí ni wọ́n ń wọ̀ lọ? Ṣé wọ́n á gbọ́ Yorùbá tí mo bá sọ? Owó akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lọ́wọ́ mi o.

Ẹ̀gbọ́nBàhíà:
Àbúrò, má kàn yà síbẹ̀ o. Terreiro kì í ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn èèyàn ń gbé inú ọgbà náà, wọ́n sì lè wà lẹ́nu ètùtù tí ojú àlejò ò gbọdọ̀ tó. Ohun tó wà fún gbogbo ayé ni ọdún ìta gbangba, festa pública ni wọ́n ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún ọ, owó ọkọ̀ àti owó afinimọ̀nà lo san fún un yẹn.

Ilé mẹ́ta ni kí o kọ́kọ́ béèrè. Casa Branca wà ní Avenida Vasco da Gama. Òun ni terreiro àkọ́kọ́ tí ìjọba Brazil fọwọ́ sí pé ó jẹ́ ohun ìní orílẹ̀-èdè, ní 1984. Gantois wà ní Federação, ilé Mãe Menininha, ìyálórìṣà tó papò dà ní 1986 ("mãe" ni ìyá). Ilé kẹta ni Ilê Axé Opô Afonjá, ní São Gonçalo do Retiro, tí Mãe Aninha dá sílẹ̀ ní 1910. Níbi kẹta yìí ni kí o fi ọkàn sí jù, torí ìparí oṣù Kẹfà ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ọdún Ṣàngó. Kọ̀wé sí wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, béèrè ọjọ́ tí àlejò lè wá nínú ọjọ́ tí o máa lò. Wọ́n tún ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan nínú ọgbà, Ohun Lailai lorúkọ rẹ̀. Ìyẹn náà, béèrè kí o tó lọ.

Aṣọ funfun tàbí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni kí o wọ̀. Dúdú kò yẹ rárá. Kò sí ṣòkòtò péńpé, kò sí síńgílẹ́ẹ̀tì. Obìnrin á wọ síkẹ́ẹ̀tì tó kọjá orúnkún. Dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago méje alẹ́. Ọkùnrin ní ẹ̀gbẹ́ tiwọn, obìnrin ní tiwọn, nítorí náà dúró kí wọ́n fi àyè hàn ọ́ kí o tó jókòó. Àárín gbọ̀ngàn, ti àwọn oníjó ni, má gba ibẹ̀ kọjá. Pa fóònù, kí o sì fi sápò: ibi tí àlejò ti máa ń ṣe é tì jù nìyẹn, torí ẹni tó bá ya fọ́tò ẹni tí òrìṣà gùn, wọ́n lè ní kó jáde. Bí òrìṣà bá dé tí gbogbo ènìyàn dìde, ìwọ náà dìde. Ó lè di aago méjìlá òru kí wọ́n tó parí, wọ́n á sì pín oúnjẹ. Jókòó jẹ ẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń ráyè bá àlejò sọ̀rọ̀. Inú ọgbà ni kí o ti pe ọkọ̀, má lọ dúró de bọ́ọ̀sì lẹ́bàá títì.

Ní ti èdè, Pọtogí ni wọ́n fi ń tàkúrọ̀sọ. Inú orin, oríkì àti àdúrà ni Yorùbá wà. Ohùn ti yí lórí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, má sì bá ẹnikẹ́ni tún orin rẹ̀ ṣe. Títí di 1976 ni terreiro ní Bàhíà ń gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè ṣọdún. Abẹ́ ìyẹn ni wọ́n ti pa orin náà mọ́ tí kò fi parun. Bí wọ́n bá mú ọ dé iwájú ìyálórìṣà, tẹrí ba, sọ pé "a bênção, minha mãe", ìyẹn "ẹ súre fún mi, ìyá mi". Bó bá ní kí o sọ Yorùbá, sọ ọ́ nígbà náà.

Rìnkọ̀:
Ọjọ́ tí ẹ yàn dára gan-an. Ọjọ́ kejì oṣù Keje ni Bàhíà ń ṣèrántí ọjọ́ tí wọ́n lé ọmọ ogun Pọtogí kúrò, ní 1823. Láàárọ̀ ni ìwọ́de ń ṣí ní Lapinha, á gba Santo Antônio kọjá sí Pelourinho, títí dé Campo Grande, pẹ̀lú ère Caboclo àti Cabocla, ọkùnrin àti obìnrin ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ náà, lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Santo Antônio ni kí ẹ dúró sí. Àwọn onílé ń ṣe fèrèsé lọ́ṣọ̀ọ́, ìta ni wọ́n sì ń jókòó sí, ẹ ò ní wá ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ tì. Ìsinmi ni ọjọ́ náà, ẹ má fi ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí i. Ẹ gbé MAFRO, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn aláwọ̀ dúdú Brazil, ní Terreiro de Jesus (ojúde ni, kì í ṣe ilé òrìṣà), sí ọjọ́ mìíràn: pátákó 27 tí Carybé fi igi gbẹ́ nípa àwọn òrìṣà wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí ẹ sáré wò wọ́n. Bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá bọ́ sáàárín, ẹ lọ sí ìsìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní ìjọ Rosário dos Pretos. Ìlù ni wọ́n fi ń kọrin níbẹ̀.

Láti pápákọ̀ òfurufú, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ń gbé èrò lọ sí ibùdó métírò. Ẹ wọ Línì 2 dé Acesso Norte, ẹ wá bọ́ sí Línì 1 dé Lapa, ní àárín ìlú. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ gba ọkọ̀ láti Lapa. Láàárín ìlú òkè àti ìlú ìsàlẹ̀, Elevador Lacerda, ẹ̀rọ agbéniròkè, ni kí ẹ lò, kì í ṣe àwọn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkè, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já fóònù gbà. Òjò ń rọ̀ nínú oṣù Keje, òkúta Pelourinho sì ń yọ̀: bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí ṣákaṣàka ni kí ẹ wọ̀.

Ẹni tó bá so ríbọ́ọ̀nù Bonfim (tí wọ́n fi orúkọ ìjọ Bonfim pè) mọ́ yín lọ́wọ́ tó ní ẹ̀bùn ni, yóò béèrè owó láìpẹ́. Obìnrin tó wọ aṣọ baiana, aṣọ ìbílẹ̀ obìnrin Bàhíà, ní ojúde, àti àwọn tó ń ta capoeira, ijó tó dà bí ìjà, ń gba owó fọ́tò. Ẹ dúnàá dúrà kí ẹ tó ya á. Ẹ mú káàdì akẹ́kọ̀ọ́ ti Brazil dání, ìdajì owó ìwọlé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ẹ ó san.

ÌyáAlákàrà:
Ẹ jẹ́ n sọ ti oúnjẹ, acarajé yẹn. Ẹ̀wà tí wọ́n bó tí wọ́n lọ̀, àlùbọ́sà, iyọ̀: wọ́n á lù ú títí yóò fi wú, wọ́n á din ín nínú epo pupa. Títí ibẹ̀, àkàrà wa ni. Ṣùgbọ́n ó tóbi bí ìkúùkù, wọ́n sì máa ń là á láàárín láti fi vatapá (ọbẹ̀ kíki), ilá tí wọ́n ń pè ní caruru, sàláàdì àti edé gbígbẹ sínú rẹ̀. Ẹyọ kan tó jẹun alẹ́. Alákàrà á béèrè "quente ou frio?" (gbígbóná àbí tútù?) Ata ló ń béèrè, kì í ṣe gbígbóná. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ edé tàbí ẹ̀pà kí ó ṣọ́ra: sísọ pé "sem camarão" (láìsí edé) kò tó, nítorí edé gbígbẹ, ẹ̀pà àti kaṣú wà nínú vatapá fúnra rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń pàtẹ. Ojúde Rio Vermelho dára. Bí ẹ bá sì fẹ́ èyí tí wọn kò dín, ẹ béèrè abará, wọ́n ń pọ́n ọn sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíi ti mọ́ínmọ́ín.

AkẹkọCampinas:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ṣé kí n mú nǹkan lọ fún wọn ní terreiro? Mo rò ó pé kí ẹnì kan gbé obì bọ̀ láti ilé.

Ẹ̀gbọ́nBàhíà:
Má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń yẹ ẹrù wò fún iṣẹ́ ọ̀gbìn ní pápákọ̀ á gba obì tí kò ní ìwé ẹ̀rí. Obì wà ní Feira de São Joaquim, ọjà ńlá ìlú ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn terreiro fúnra wọn ti ń rajà. Lọ láàárọ̀, béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ewé. Ṣùgbọ́n òdòdó funfun ti tó fún àlejò; ẹni tó bá gbà ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ni kí o gbé e fún.