Ọ̀pẹ òyìnbó kọ́ ló wà lára àsíá Gúúsù Carolina

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé.

Mo ti ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Atlanta kọ nípa ìpínlẹ̀ Gúúsù Carolina ní Amẹ́ríkà àti àwọn àmì rẹ̀. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì sí ẹni tó rán yín. Àmọ́ nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní orúkọ àpèlé ìpínlẹ̀ náà ni “Ìpínlẹ̀ Ọ̀pẹ Òyìnbó”, inú bí mi, n kò ní parọ́.

Kí ni à ń pè ní ọ̀pẹ òyìnbó nílẹ̀ Yorùbá? Ẹ bi ọmọ tó ń kiri ní gáréèjì. Èso ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń bó, tí wọ́n ń gé sínú ọ̀rá ni. Àwọn àgbà rí i pé ewé orí rẹ̀ ṣù jọ bí orí ọ̀pẹ, wọ́n rí i pé òkè òkun ló ti wá, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ yẹn ti lọ́kọ. Ẹ kò lè tún un fà lé ẹlòmíì lọ́wọ́.

Igi tí ẹ ń wí, palmetto ni, ọ̀kan nínú ẹbí ọ̀pẹ tó ń hù níbẹ̀. Òun ló dúró funfun láàárín àsíá wọn, pẹ̀lú ìlàjì òṣùpá ní igun òkè. Ogun ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1776 ló sọ ọ́ di ẹni iyì, ní erékùṣù Sullivan, lẹ́nu ọ̀nà Charleston. Ìtì palmetto àti iyanrìn ni àwọn ará ibẹ̀ fi mọ odi, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì da ọta àgbá bò ó. Ìtì náà rọ̀ bíi kànrìnkàn, ọta kàn ń rì sínú rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ya igi óákù tó ti hú nílẹ̀ sẹ́sẹ̀ palmetto nínú òǹtẹ̀ ìpínlẹ̀ náà: igi óákù ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń kan ọkọ̀.

Ẹnìkan nínú wa ní kí a kúkú pè é ní ọ̀pẹ lásán. Rárá o. Ọ̀pẹ lásán ní ẹyìn, ó ní epo, ó ní àdín, ó ní ẹmu, ó ní màrìwò, lára rẹ̀ sì ni ikin babaláwo ti ń wá. Èso dúdú wẹ́wẹ́ ni palmetto ń so ní tirẹ̀. Bí ẹ bá kọ “ọ̀pẹ”, ẹ ti fi epo sínú igi tí kò lépo. N kò tíì wá sọ ti àwọn tó ń kọ ọ́ láì fàmì ohùn sí i, tí ọ̀pẹ fi di ọpẹ́.

Èmi dábàá “ọ̀pẹ alábẹ̀bẹ̀”. Imọ̀ ọ̀pẹ tiwa gùn gbọọrọ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ewé palmetto tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, ó wá ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ létí. Olùkọ́ wa tó wà ní Ìbàdàn ní “ọ̀pẹ abẹ̀bẹ̀” ti tó, pé kí ni mo tún ń wá “oní-” fún. Ọ̀gá mi, “oní-” yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà! Ọ̀pẹ abẹ̀bẹ̀ ni ọ̀pẹ tí a fi ń ṣe abẹ̀bẹ̀, bí igi ìdáná ṣe jẹ́ igi tí a fi ń dáná. Ọ̀pẹ alábẹ̀bẹ̀ ni ọ̀pẹ tó gbé abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ tún ní yóò mú Ọ̀ṣun wá síni lọ́kàn. Kó mú un wá. Ìpínlẹ̀ yẹn gan-an ni Ọ̀yọ́túnjí wà, nítòsí Sheldon, ìlú tí Ọba Adéfúnmi Kìíní tẹ̀ dó ní 1970. Wọ́n ń bọ Ọ̀ṣun níbẹ̀.

Ẹ sì wo orúkọ ìlú náà. Ọ̀yọ́ tún jí. Àwọn tí òwò ẹrú ti gba èdè yìí lẹ́nu baba ńlá wọn ló fi odidi gbólóhùn sọ ìlú lórúkọ, tí “tún” bọ́ síbi tó yẹ ẹ́, bó ṣe wà nínú Babátúndé. Àwa tí a mu èdè náà pọ̀ mọ́ ọmú ìyá wá ń pe palmetto ní ọ̀pẹ òyìnbó.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún túmọ̀ gbólóhùn Látìn tí ìpínlẹ̀ náà fi ṣe àkọmọ̀nà, “Dum spiro spero”, sí “Nígbà tí mo ń mí, mo ń retí”. Ta lẹ ń retí? Ẹni tó jókòó síta tó ń wọ̀nà fún àlejò ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ tiwa kalẹ̀: bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ. Ara “mí” náà ni “ẹ̀mí” ti jáde, ohùn òkè ló sì parí ẹ̀mí àti ìrètí, wọ́n dún jọ bí spiro àti spero ṣe dún jọ. Kí la tún ń dá?

“Àmì ẹ̀yẹ” tí ẹ fi ṣe àkọlé ńkọ́? Ẹni tó gbégbá orókè là ń fún ní àmì ẹ̀yẹ. Àmì ìdánimọ̀ lẹ ń wá. Ẹ kò sì fàmì sórí rẹ̀, ó di àmì ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ kan ṣoṣo ló wà nínú ohun tí ẹ kọ, wren ti Carolina, tí wọ́n yàn ní ẹyẹ ìpínlẹ̀ náà ní 1948.

Ní ti “ìpínlẹ̀”, àbúrò wa obìnrin ní ẹnikẹ́ni kò pín Gúúsù Carolina bí Gowon ṣe pín Nàìjíríà sí 12 ní 1967, pé fúnra rẹ̀ ló wọ Amẹ́ríkà ní 1788, tó ṣe ìkẹjọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Carolina kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́kọ́ pín sí Àríwá àti Gúúsù. Pípín ṣì wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ní gbà fún mi.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ kọ “búlúù tó dúdú díẹ̀” fún àwọ̀ ìpínlẹ̀ náà. Aró ni, ẹ̀gbọ́n! Àwọ̀ ẹ̀lú ni wọ́n fi ṣe àwọ̀ ìpínlẹ̀ náà lábẹ́ òfin ní 2008. Láti nǹkan bí 1740 lọ, ẹ̀lú ni wọ́n ń gbìn tà fún Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì ń rẹ ewé náà, tí wọ́n ń lù ú nínú omi. Aláró ni ìyá ìyá mi ní Abẹ́òkúta. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, ọṣẹ kò ràn án. Bó bá fa aṣọ yọ nínú ìkòkò, á kọ́kọ́ rí bí ewé tútù, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, á sì di aró lójú wa. N kò gbọ́ “búlúù” lẹ́nu ìyá yẹn títí tó fi lọ. Kí ẹ tó tún ìwé náà fi ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa búlúù rẹ́ níbẹ̀.