Àwo orin tí bàbá mi dáná sun

Ìrírí kìn-ín-ní

Ní ọdún 1986, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá mi kó gbogbo àwo orin tí wọ́n ti ń fi owó oṣù wọn rà láti ìgbà àpọ́n jáde sẹ́yìn ilé wa ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, wọ́n sì da kẹrosíìnì sí i. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí wọ́n di àtúnbí, oníwàásù kan sì ti sọ fún wọn pé orin ayé kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú nínú ilé onígbàgbọ́.

Àwo kì í jó bí ìwé. Etí rẹ̀ kọ́kọ́ ká kò bí ewé kókò tí oòrùn pa, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó ń kán sínú eérú, èéfín rẹ̀ sì dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi sáré ká aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Páálí kan tí àwòrán I.K. Dairo wà lára rẹ̀ ni mo tẹjú mọ́, títí iná fi dé ibi àkọ́díọ̀nù tí wọ́n gbé kọ́rùn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọmọ ìjọ Aládùúrà ni Dairo fúnra wọn, àti pé Hubert Ogunde, tí eré wọn náà di èèwọ̀ nílé wa, eré ìjọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1944, èyí tí ó dá lórí ọgbà Édẹ́nì.

N kò sọ pé gbogbo ohun tí ó jóná ni ó dára. Méjì wà nínú àwo wọ̀nyẹn tí n kò ní jẹ́ kí ọmọ mi gbọ́ lónìí. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ẹnikẹ́ni kò jókòó tì wá kí ó ṣàlàyé ìdí tí èyí fi burú àti ìdí tí tọ̀hún fi sàn. Ilé ọtí kan wà lẹ́yìn ọgbà wa; bí ó bá ti di aago méje alẹ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi a lọ gbé etí lé fèrèsé, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ wọn bá gbé jáde ni a sì ń gbé mì láìjẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, akọrin ni mí.

Pọ́ọ̀lù ní Áténì fi ọ̀rọ̀ akéwì àwọn Gíríìkì ti ìwàásù rẹ̀ lẹ́yìn (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17:28), bẹ́ẹ̀ orí kan náà ni ó sọ pé ọkàn rẹ̀ gbóná nígbà tí ó rí òrìṣà wọn. Ó gbọ́ wọn, ó sì yan èyí tí yóò mú. Kẹrosíìnì kò ṣeé dà sórí fóònù, nítorí náà, ní alẹ́ Sátidé, ọmọ mi tí ó jẹ́ ọdún mẹ́rìnlá a máa fi orin kan tí ó fẹ́ràn sí i, èmi náà a fi tèmi sí i. Lóṣù tó kọjá, mo bi í bóyá ó lè kọ ẹsẹ kan báyìí létí ìyá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́. Kò pa orin náà rẹ́, ṣùgbọ́n ó fò ó.

Ìrírí kejì

Bọ̀dá mi, ẹ kú ìrántí. Èmi ń ṣe irun ní Ògbómọ̀ṣọ́, tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù mi kì í sì í sinmi, nítorí pé ẹni tí ó ń di irun lè jókòó fún wákàtí mẹ́rin. Fíìmù onígbàgbọ́ nìkan ni mo fàyè gbà níbẹ̀rẹ̀, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àfi ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ mi kan kò lè dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ó tún ń sọ pé ìyá àgbà tí òun ń bá gbé jọ àjẹ́ inú fíìmù, nítorí pé wọ́n máa ń jí lóru. (Ta ni àgbàlagbà tí kì í jí lóru?) Mo jókòó wo fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ojúbọ àti igbá ẹ̀jẹ̀ ni ó gba ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀, àdúrà kò dé àfi nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí. Orúkọ Jésù wà lára páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ìyá àgbà ni ọmọ náà rí kọ́. Fíìmù tí oníbàárà kan mú wá, tí kò dárúkọ ìjọ kankan, tí ó sì dá lórí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ń jà sí ilẹ̀ bàbá wọn, ni ó mú kí obìnrin kan sọ lórí àga pé òun yóò pe ẹ̀gbọ́n òun lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń kọ́kọ́ wo gbogbo rẹ̀.

Ẹni kìn-ín-ní tún kọ̀wé

Ẹ ṣeun, sístà mi. Bàbá mi ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin báyìí. Nígbà tí Ebenezer Obey yí sí iṣẹ́ ìhìnrere láàárín ọdún 1990 sí 1999, wọ́n dunnú gan-an, ṣùgbọ́n wọn kò sọ̀rọ̀ àwo rí. Ní Kérésìmesì tó kọjá, mo rọra fi ọ̀kan nínú àwọn orin àtijọ́ wọ̀nyẹn sí i lórí fóònù, mo sì ń retí ìbáwí. Wọ́n di ojú, ìka wọn ń lu apá àga. Nígbà tí ó parí, wọ́n ní, “Dá a padà díẹ̀, sí ibi tí gìtá yẹn ti wọlé.”